Wọn Kì í Wọ̀n Ṣùkú Mọ́ Gíga

Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ báàgì wò yọ ohun kan tá a fi fóìlì wé jáde nínú kúlà wa, ó gbé e sókè, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ó béèrè ohun tó jẹ́. Kí n tó lanu, ìyá mi tó jókòó sórí àga onítáyà ti dá a lóhùn ní Yorùbá: "Mọ́ínmọ́ín ni. Ẹlẹ́mìí méje." Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ẹ̀wà lílọ̀ ni, ẹyin àti ẹja wà nínú ẹ̀. Ẹ̀mí méje yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sáyè ẹ̀, ó ní ká máa lọ. Wọn kì í kọ oúnjẹ ilé níbí, bí kò bá ti sí ìgò gíláàsì tàbí ọtí nínú ẹ̀.

Bá a ṣe wọ Walt Disney World ní Florida nìyẹn, lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje ọdún 2025: ìyá mi, ìyàwó mi, ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àti èmi. Ọmọ ọdún mẹ́fà lèmi náà nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ kó wa wá ní 1984. Láti Atlanta tá à ń gbé, ọ̀nà náà ju 400 máìlì lọ. Òru ni Bàbá máa ń wà á, kí àwa ọmọ márààrún lè sùn lẹ́yìn mọ́tò, kó sì lè bọ́ lọ́wọ́ owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ ọjọ́ kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Bàbá. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi mọ̀ pé tó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá, ojúde Awùjalẹ̀ ló yẹ kóun wà, láàárín ẹgbẹ́ òun, nínú aṣọ tí wọ́n jọ dá. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfurufú èèyàn méje kì í ṣe owó ẹni tó ń wa takisí lóru tó sì ń kàwé lọ́sàn-án. Ibi tí èésú tó ń dá pẹ̀lú àwọn ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lè gbé wa dé ni Florida. Oṣù kẹfà ló máa ń kó tiẹ̀. Tó bá di oṣù keje, a ti wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lẹ́nu láìmọ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè nílé wa pé ìgbà wo là ń lọ sílùú, kì í ṣe Ìjẹ̀bú ló ń béèrè.

Ibi tá à ń gbé mọ́tò sí jìn sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sà kan wà láàárín, èèyàn lè fi ọkọ̀ ojú omi kọjá, ó sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí òpó. Bàbá kò jẹ́ ká wọ tojú irin rí. Ó ní ẹni tó ń wọ ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìlú lọ́ọ̀ọ́kán. A ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi gun irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó na àtàǹpàkò síwájú ojú kan, ó fi bo ààfin tó wà ní òdì-kejì. Ó ń pariwo bí ààfin náà ṣe ń yọ lẹ́yìn ìka ẹ̀, orí òrùlé kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn fèrèsé.

Èèyàn ló gbẹ́ ọ̀sà yẹn. Àbàtà ni gbogbo àdúgbò yìí tẹ́lẹ̀. Gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi á yọ. Wọ́n fẹ́ ọ̀nà abẹ́lẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́, ilẹ̀ kò gbà. Ni wọ́n bá kọ́ ọ̀nà náà sórí ilẹ̀ gbalasa, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nínú ọ̀sà bò ó, wọ́n wá kọ́ Magic Kingdom, ọgbà tí ààfin náà wà, lé e lórí. Ẹni tó ń rìn níbẹ̀, àjà kejì ló ń rìn. Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má bàa rí Mickey tó gbé orí ẹ̀ há abíyá. Ẹni tó bá mọ ohun tí à ń pè ní ìgbàlẹ̀ kò ní béèrè ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kì í rí ará ọ̀run níbi tó ti ń wọ ẹ̀kú.

Òpópónà tó kọjú sí ààfin ni Main Street. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ sórí ààfin, ṣùgbọ́n Bàbá kọ́ wa láti máa wo àwọn fèrèsé òkè, torí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ nídìí ọgbà náà síbẹ̀ bí ẹni pé oníṣòwò ni wọ́n. Fèrèsé kan ń polówó ilé-iṣẹ́ M. T. Lott. Pe orúkọ yẹn kíákíá lédè Gẹ̀ẹ́sì, wàá gbọ́ "ilẹ̀ òfìfo". Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí wọ́n fi bojú ra ilẹ̀ nìyẹn. Ní 1964 àti 1965, Walt Disney kò fi orúkọ ara ẹ̀ ra ohunkóhun níbí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ wọn rí ló ń rán síwájú, tí wọ́n ń rà á díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tó nǹkan bí 27,000 éékà. Oṣù kẹwàá 1965 ni ìwé ìròyìn Orlando Sentinel tú àṣírí náà, owó ilẹ̀ sì gbéra sọ. Bàbá fẹ́ràn fèrèsé yìí ju ààfin lọ. "Ọmọ onílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́," á ní, á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ti ra ilẹ̀ rí ní Nàìjíríà.

Ààfin náà ga ní 189 ẹsẹ̀ bàtà, bíríkì kan kò sì sí lára ẹ̀. Walt fúnra ẹ̀ kò fojú rí i. Ó kú lóṣù kejìlá 1966. Roy, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ló dúró parí iṣẹ́ àbúrò. Ó ṣí ibẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971, ó fi orúkọ àbúrò ẹ̀ lódindi sọ ọ́, òun náà sì kú lóṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà. $3.50 ni àgbàlagbà san láti wọlé nígbà náà. Lónìí, ó ju $100 lọ fún ọjọ́ kan, ọjọ́ tí èrò bá sì pọ̀, ó tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó wọ́n, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Mo ń dá èésú tèmi.

Mo gbàgbé láti sọ pé ọjọ́ kejì wa nìyí. Lánàá, Animal Kingdom, ọgbà Disney mìíràn, la wà. Igi ńlá kan wà láàárín ibẹ̀ tó ga ní 145 ẹsẹ̀ bàtà, àwòrán ẹranko tó lé ní 300 ni wọ́n gbẹ́ sí ara ẹ̀. Egungun inú ẹ̀, irin irú èyí tí wọ́n fi ń wa epo lójú òkun ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ńlá gbé èèyàn lọ wo ẹranko ló ń pa wá lẹ́rìn-ín lọ́dọọdún. Kọnkéré ni ọ̀nà náà. Nígbà tó ṣì rọ̀, wọ́n yí táyà lórí ẹ̀, wọ́n tẹ òkúta mọ́ ọn, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, kí ọkọ̀ lè máa fò gbì-gbì-gbì bíi ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá gbọ́, ó yíjú sí wa. "Owó," ló ní. "Owó ni wọ́n san kí wọ́n tó rí kòtò."

Lálẹ́, a yà ní Animal Kingdom Lodge. A kì í sùn níbẹ̀, àpò wa kò gbà á, ṣùgbọ́n àlejò lè wọ gbọ̀ngàn wọn. Ijele kan dúró síbẹ̀, egúngún ńlá ti àwọn ará wa Ìgbò, 16 ẹsẹ̀ bàtà ni gíga ẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ kún fún aṣọ aláràbarà àti ère kéékèèké. Nígbà tá a kọ́kọ́ mú Bàbá débẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà. Àwọn òyìnbó tó ń wọ́ àpótí wọn kọjá yẹra fún un bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ẹni tó ń gbàdúrà.

Àmọ́ ohun tó gbé wa wá lọ́dún yìí gan-an ni Space Mountain, ọkọ̀ tó ń sáré nínú òkùnkùn. Wọ́n dá ọmọ mi padà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ga tó 44 ínǹsì, ó sì ku tirẹ̀ ní ìbú ìka kan. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn kí n lè fi bírò sàmì sí i. Ìyá mi kò gbẹ́kẹ̀ lé oúnjẹ nìkan. Lálẹ́ àná ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ki ọmọ mọ́ àárín itan, ó fi ìyàrí la orí ẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irun lọ sí àtàrí. Nígbà tó parí, ṣùkú náà dúró ṣánṣán lórí ọmọ bí ìwo àgbò kan ṣoṣo.

"Màámi, ṣé kò ga jù báyìí?"

"Kí ló kàn ẹ́ ńbẹ̀, ọkọ mi?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó dúdú bíi tiwa ló dúró ti òpó ìwọ̀n. Ó wo ọmọ náà, ó wo ṣùkú, ó wo ìyá mi. Ìyá mi gbójú sókè, ó ń wo àwọsánmà. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà tẹ irun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ti dirun fún nílé ìyá ẹ̀ rí, títí ọwọ́ ẹ̀ fi kan awọ orí. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú òun àti tọmọ lè dọ́gba, ó sọ fún un pé wọn kì í wọ̀n ṣùkú mọ́ gíga, bó ti wù kó rẹwà tó. Ó ní kó na ẹ̀yìn. Ọmọ mi di èémí sínú, ó pa ojú dé. Orí ẹ̀ kan ìlà, ó tún fi bíńtín lé e, láìka ìkan nínú iṣẹ́ ọwọ́ Màmá Àgbà mọ́ ọn.

"Ẹ ẹ̀ rí i bí!" ìyá mi kígbe sí gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn wa. Títí di ìsinsìnyí ló gbà pé ṣùkú ló ṣe é.

Eré náà fúnra ẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkọ̀ yẹn kì í sá tó 30 máìlì ní wákàtí kan, mọ́tò mi ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú ilé ìwé. Òkùnkùn ló ń tan ara jẹ. Ọmọ mi ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká tún lọ."

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, òjò dé, òjò Florida tí kì í kan ilẹ̀kùn. A sá wọ Carousel of Progress. Ibẹ̀ ni ìyá mi fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ tutù, àga rẹ̀ sì tù ú lára. Disney ṣe é fún ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní New York ní 1964, ó dé Florida ní 1975. Ojú kan ni orí ìtàgé wà; ibi tí àwa òǹwòran jókòó sí ló ń yí po. Ẹbí kan ni wọ́n fi hàn, ère tó ń sọ̀rọ̀, láti ìgbà tí iná mànàmáná kò tíì wọlé wọn títí dé ìgbà ayé wa. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìyá mi ti ń wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ níparí: "Ọkùnrin yẹn kò tíì dìde lórí àga."

Nígbà tí òjò dá, ó ní kí n ti òun lọ sídìí odò.

Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Liberty Belle, ọkọ̀ ńlá tó ní ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ àti àgbá pupa lẹ́yìn tó ń ta omi. Irin ló ń tọ̀ lábẹ́ omi, kò lè ṣìnà bó bá fẹ́. Yípo kan kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lọ. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti máa ń rí Bàbá kó sùn lọ́sàn-án. Lẹ́yìn tó ti wakọ̀ lóru, tó ti rìn láti àárọ̀, á jókòó sí ìsàlẹ̀, á fi fìlà bojú. Iṣẹ́ tèmi ni láti jí i. Ìyá mi á ní, "Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, jí bàbá ẹ," èmi á fọwọ́ kan orúnkún ẹ̀. Lẹ́yìn tó papò dà ní 2019, a kò yé wọ̀ ọ́. A máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín nínú ẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 2025 ni ọkọ̀ náà ná ìná ìkẹyìn. Wọ́n fẹ́ fi odò náà ṣe ibòmíràn, ibi eré tuntun tí wọ́n mú jáde nínú fíìmù Cars. A ti gbọ́ kí á tó wá. Pákó gíga ni wọ́n fi yí ibẹ̀ ká. Ọmọ mi fojú há àlàfo tó wà láàárín pákó méjì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ìyá mi ní kí n kọjú àga òun sí pákó náà. Ó ṣí kúlà, ó fún kálukú ní mọ́ínmọ́ín kọ̀ọ̀kan, ó tú tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. A kò bá a sọ̀rọ̀. Èrò ń kọjá lẹ́yìn wa. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ká fóìlì náà kéékèèké, ó nu ọwọ́, ó wo aago tó wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀.

"Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀," ló ní.