Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Ọpọlọ: Ṣé Ilé-Ẹ̀kọ́ Kékeré Lè Gbé E Débẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé nígbà tí èsì JAMB bá jáde. Ọmọ ní dókítà lòun yóò dà, máàkì rẹ̀ kò gbé e débẹ̀. Yunifásítì kékeré kan wá fún un ní àyè láti kọ́ physiology, èyíinì ni ẹ̀kọ́ bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní kí ó gbà á, ìyá ní kí ó tún ìdánwò ṣe, àwọn ará àdúgbò sì ń béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?"

Olùkọ́ ni mí ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí, àwọn òbí sì máa ń gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tó ń ta tòmátò ní Mile 12 mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ náà rí ìyá bàbá rẹ̀ tó ń ṣarán, tí kò dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́, ó sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ àgbà. Ìmọ̀ tó ń wá yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní neuroscience. Ìyá rẹ̀ ní, "Tíṣà, a ò rí orúkọ yẹn nínú ìwé tí wọ́n fún un. Ṣé owó tí mo fi òógùn ojú wá kò ní í ṣòfò?"

Ìbéèrè àgbà ni. Èsì tí mo fún un nìyí. Ní púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì wa, ẹ kò ní í rí neuroscience gẹ́gẹ́ bí oyè àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni physiology, anatomy, psychology, biochemistry, tàbí iṣẹ́ ìṣègùn fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọdún 1973 ni Amherst dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ oyè àkọ́kọ́, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré sì ni Amherst.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tiwa tó ti rin ọ̀nà yìí. Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí a bí ní 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Howard ní Amẹ́ríkà ní 1950, ó gboyè ìṣègùn níbẹ̀ ní 1954, ó tún kọ́ṣẹ́ sí i kí ó tó padà wá sí Ìbàdàn ní 1962. Oyè àkọ́kọ́ kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un ni. Ọdún méjìlá ni ó fi rìn ín kí ó tó délé.

Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, gba ọ̀nà mìíràn. Ó rí àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ìrìn wọn kò dúró déédéé mọ́, tí ojú àti etí wọn sì ń rẹ̀yìn. Ní 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí oúnjẹ àwọn tí àrùn yìí ń bá jà. Wọ́n tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, nítorí májèlé sáyánáìdì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i? Inú abọ́ gàárì ni ìbéèrè ti wá.

Ọ̀ṣúntókun yìí kan náà wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìṣarán ní Ìdíkan, ní Ìbàdàn, ní 1992. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fi Yorùbá bi àwọn arúgbó ní ìbéèrè láti mọ bí ìrántí wọn ṣe rí. Wọ́n bi àwọn dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ náà. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nínú 100 àgbà tó ti pé ọdún 65, àrùn Alzheimer mú ju 2 lọ ní Indianapolis, ṣùgbọ́n ó lé díẹ̀ ní 1 péré ní Ìbàdàn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ní irinṣẹ́ níbẹ̀ tí owó kò lè rà.

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ní àǹfààní tirẹ̀: olùkọ́ mọ orúkọ ọmọ, ọwọ́ ọmọ sì lè kan máíkírósíkóòpù láìjà dù ú. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní àwọn ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń ya àwòrán ọpọlọ. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ṣé NUC fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà? Èkejì, ṣé yàrá ìwádìí ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àbí àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀? Ẹ̀kẹta, ṣé olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣèwádìí fúnra rẹ̀, tí yóò gba ọmọ mọ́ra? Kí ọmọ náà kọ́ ìṣirò dátà àti kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Nígbà ìsinmi, kí ó wá àyè sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Láti Alápẹ̀rẹ̀ wa, Akọka àti Ìdí-Àràbà kò jìnnà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan yín. Ọdún mẹ́rin ni physiology, kò sì sọ ọmọ di dókítà. Kò gbọdọ̀ fi í tọ́jú aláìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìmọ̀ ọpọlọ jẹun gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún oyè kejì, bóyá ìkẹta pẹ̀lú. Mo sọ èyí fún ìyá olótòmátò náà láìfi ọ̀kankan pamọ́. Ó ronú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì sanwó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ yín àti ìbéèrè tó ń jẹ ọmọ náà lọ́kàn, ju orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ rà ni kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo.