Kirikou Lójú Ọmọdé àti Lójú Àgbà

Oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni fíìmù oníyàwòrán tí Michel Ocelot pe orúkọ rẹ̀ ní Kirikou et la Sorcière jáde ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn tí wọ́n wò ó nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 7 tàbí 8 ti di òbí báyìí, àwọn mìíràn sì ti di olùkọ́. Bí irú wọn bá tún jókòó ti fíìmù náà, ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀ yóò yàtọ̀ gan-an sí èyí tí wọ́n rí nígbà èwe.

Ìlú Conakry ní ilẹ̀ Guinea ni Ocelot ti lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀. Inú ìtàn kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan, François-Victor Équilbecq, gbà sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ti rí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ọmọ tí ń sọ̀rọ̀ láti inú ìyá rẹ̀. Youssou N'Dour, ọmọ ilẹ̀ Senegal, ni ó ṣe orin rẹ̀.

Ọmọdé kò lè ṣàì gbádùn ìtàn náà. Kirikou bí ara rẹ̀, ó gé ìwọ́ rẹ̀, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó bá abúlé rẹ̀ nínú ìdààmú: orísun omi ti gbẹ, Karaba ti gba wúrà ọwọ́ àwọn obìnrin, wọ́n sì ní ó ti pa àwọn ọkùnrin jẹ. Ọmọ tí kò ga tó orúnkún àgbà yìí ni ó sá sábẹ́ fìlà láti gba arákùnrin ìyá rẹ̀ là, òun náà ni ó gún ẹranko tí ń mu omi abúlé lábẹ́ ilẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ jọ ti Ìjàpá inú àlọ́, àfi pé Ìjàpá kì í fi tirẹ̀ ṣe ẹlòmíràn lóore bí kò bá rí nǹkan jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí Kirikou ń bi gbogbo ènìyàn: kí ló dé tí Karaba fi jẹ́ ìkà? Ọmọdé kì í kà á sí. Àwọn ará abúlé pàápàá kò kà á sí; lójú tiwọn, ìkà ni Karaba, ó parí. Inú òkè tí Karaba ti ní kí ẹnikẹ́ni má dé ni bàbá àgbà Kirikou ti fún un ní èsì. Ẹ̀gún olóró kan wà ní ẹ̀yìn Karaba. Àwọn ọkùnrin kan ni wọ́n dì í mú, tí àwọn yòókù sì fi ẹ̀gún náà gún un. Ẹ̀gún yìí ń ro ó tọ̀sán tòru, inú rẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, nítorí pé ìrora yíyọ rẹ̀ yóò tó ìrora ọjọ́ tí wọ́n gún un.

Gbólóhùn díẹ̀ ni bàbá àgbà fi sọ ọ́. Ọmọdé gbọ́ ẹ̀gún, ó sì rò pé ẹ̀gún ni. Àgbà gbọ́ pé àwọn ọkùnrin kóra jọ, wọ́n fi ipá di obìnrin kan mú, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí ó ti rí tẹ́lẹ̀ yóò gba ìtumọ̀ mìíràn. Karaba kò pa ọkùnrin kankan jẹ: ó sọ wọ́n di ère tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún un ni. Nígbà tí Kirikou fi eyín yọ ẹ̀gún náà, tí ó sì ní kí Karaba fẹ́ òun, obìnrin náà kọ́kọ́ kọ̀, nítorí kò fẹ́ di ìránṣẹ́ ọkùnrin kankan. Ọmọdé a rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oǹdè náà tún wà. Kirikou bẹ bàbá àgbà pé kí ó fún òun ní oǹdè tí yóò dáàbò bo òun, ó kọ̀. Ó ní Karaba mọ bí a ti ń ṣẹ́gun ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé oǹdè, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí a ń fi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ṣe. Ẹni tí ó bá dàgbà láàárín ìfúnpá àti tìrà yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá sọ ìtàn yìí nínú kíláàsì yóò kọ́kọ́ bá ìṣòro kan pàdé nínú orúkọ rẹ̀. Àjẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí yóò wá sí ẹnu. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ipá gún mọ́ Karaba lára ni agbára rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó jogún tàbí tí wọ́n fún un jẹ. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá ti pe obìnrin ní àjẹ́ láwùjọ wa, pàápàá opó tàbí arúgbó, a kì í béèrè ìdí mọ́. Olùkọ́ tí ó bá pe Karaba ní àjẹ́ láìṣàlàyé ti dá ìbéèrè Kirikou dúró kí ó tó béèrè rẹ̀. Olóògùn ìkà sàn jù, bí kò tilẹ̀ dọ́gba délẹ̀délẹ̀.

Àgbà yóò sì tún rí àléébù kan tí kò hàn sí ọmọdé. Ní ìparí, àwọn ọkùnrin abúlé padà di ènìyàn, wọ́n ń lu ìlù bọ̀, ayọ̀ sì gba abúlé kan. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ta ni ó di Karaba mú, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà kò sọ bóyá wọ́n wà lára àwọn tí ń lu ìlù.