Ìdí tí Ìwé "Ògbójú Ọdẹ" Kò Fi Kúrò ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìtàn ni a ti tẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí a kà ní ọdún díẹ̀, tí a sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Olóògbé D. O. Fágúnwà kọ, ti jáde láti 1938, àwọn ọmọ sì ń kà á títí di òní. Kí ni ó fà á?

Àwọn ẹlòmíràn a máa wí pé adùn èdè rẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n adùn èdè nìkan kò tó láti mú ọmọ ọdún 13 jókòó jẹ́jẹ́. Lójú tiwa, ìwé náà tẹ́ àwọn méjì lọ́rùn tí inú wọn kì í sábà dùn sí ohun kan náà: àgbà tí ń yan ìwé, àti ọmọ tí ń ṣí i. Àgbà rí Ìràgbèje nínú rẹ̀, ẹni tí ó fi ọjọ́ méje gba àwọn ọdẹ níyànjú ní Òkè Lángbòdó. Ọmọ rí Àgbákò, ó sì ń fẹ́ mọ bí Àkàrà-ògùn yóò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. (Kí a má purọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni í yára ṣí ti Ìràgbèje kọjá.)

Fágúnwà mọ àwọn méjèèjì, nítorí olùkọ́ ni òun pàápàá, St. Andrew's, Ọ̀yọ́, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ sì wo bí ó ti to ìtàn rẹ̀. Àkàrà-ògùn kò sọ ọ́ tán ní ìjókòó kan. Ó sọ díẹ̀, ó dìde lọ, ó sì ní òun ń padà bọ̀. Nígbà tí yóò fi dé ní ọjọ́ kejì, èrò ti pé jọ láti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní kíláàsì: bí agogo bá dún níbi tí ìjà ti gbóná, àwọn ọmọ a máa retí ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ọ̀la.

Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá ni kí olùkọ́ gé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ó máa bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ líle 10 kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ìtàn rárá. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ọ̀kan ń gun èkejì lẹ́yìn. Bí ọmọ bá ń fi ojú nìkan kà á, ó lè tètè sú u. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á sókè, tí a sì dánu dúró níbi tí ó yẹ, etí a gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè tẹ̀ lé e, nígbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ti ń fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí olùkọ́ sì ti kà á sókè nínú yàrá rẹ̀ ní alẹ́ tí ó ṣáájú, kí ó lè mọ ibi tí èémí rẹ̀ yóò ti tán.