Ọ́fíìsì Gbàgede: Ibi Tí Ògiri Kò Sí

  Àpilẹ̀kọ mi ní tẹ́ẹ̀mù yìí kì í ṣe lórí àlọ́ tàbí oúnjẹ, orí ọ́fíìsì ló dá lé. Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé kọjá o! Ọ̀rọ̀ náà kan bí a ṣe ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì kan bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́ agbo ilé.

Ọ́fíìsì gbàgede ni mo pe ọ́fíìsì tí kò ní yàrá yàrá. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, gbogbo òṣìṣẹ́ á kó tábìlì sínú rẹ̀, wọ́n á máa rí ara wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń dàgbà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ògiri kò ṣeé sún. Bí o bá mọ yàrá mẹ́fà fún èèyàn mẹ́fà, ọjọ́ tí ẹnì keje bá dé, wàhálà dé nìyẹn. Nínú gbàgede, ẹ kàn máa sún tábìlì ni.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1906, Frank Lloyd Wright kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Larkin ní ìlú Buffalo, ní Amẹ́ríkà. Àárín rẹ̀ ṣófo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti orí òrùlé, àwọn akọ̀wé sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Wọ́n wó o ní 1950. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Jámánì, Eberhard àti Wolfgang Schnelle, ní kí wọ́n má to tábìlì ní ìlà mọ́, kí wọ́n wo ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀ jù, kí wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀. Ní 1968, ilé iṣẹ́ Herman Miller gbé tábìlì àti ògiri kúkúrú tó ṣeé tú palẹ̀ jáde, èyí tí Robert Propst ronú rẹ̀. Propst fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ní òmìnira. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá fi nǹkan náà ká èèyàn mọ́ inú àpótí kéékèèké. Inú Propst alára kò dùn sí i.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Dádì Àbújá, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn onítajà. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nínú fúláàtì kan. Wọ́n ti di méjìlélógún báyìí. Dádì Àbújá ti san owó ọdún méjì fún gbọ̀ngàn kan, owó náà kò sì lè padà wá. Méjì nínú àwọn tó mọṣẹ́ jù ti sọ fún wọn pé bí ibẹ̀ bá máa dà bí ọjà, àwọn á wá iṣẹ́ síbòmíràn. Nígbà ìsinmi, mo tẹ̀ lé wọn lọ wọn ibẹ̀ pẹ̀lú téèpù, torí mo fẹ́ràn Basic Technology.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 18, ìbú rẹ̀ jẹ́ 12. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, 216 ni. Bí a bá pín in fún èèyàn 22, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ní nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin mẹ́wàá. Bí wọ́n bá di 35 bí wọ́n ṣe ń gbèrò, ó kù díẹ̀ lé ní mẹ́fà. Mẹ́fà yẹn kì í ṣe ti tábìlì nìkan o. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá, ibi ìpàdé, ibi ìjẹun, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀.

Fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì. Òdiwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé máa ń lò ni pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń wọlé jìnnà tó ìlọ́po méjì sí méjì ààbọ̀ gíga orí fèrèsé. Orí fèrèsé ibẹ̀ ga ní mítà 2.4. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Mẹ́fà láti apá kan, mẹ́fà láti apá kejì, ó pé méjìlá! Bí ẹnikẹ́ni ò bá ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù gíga dí fèrèsé, wọn ò ní máa tan gílóòbù lọ́sàn-án gangan. Àárín ló máa ṣú díẹ̀, ibẹ̀ ni mo wá fi ṣe ọ̀nà.

Ẹ̀gbẹ́ gígùn yẹn kọjú sí àríwá àti gúúsù, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò lè wọlé tààrà. Apá ìwọ̀ oòrùn ni ìjà wà. Ẹni tó kọ́lé náà fi gíláàsì ràgàjì sí i kó lè rẹwà lójú títì, bó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, ibẹ̀ á máa jó bí ààrò. Mo ní kí wọ́n kó sítọ́ọ̀ àti ibi ìjẹun síbẹ̀, ẹ̀bá kì í bínú sí ooru.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló dùn mọ́ mi jù. Ní ìlú Harare, ní Zimbabwe, ilé kan wà tó ń jẹ́ Eastgate, ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú rẹ̀. Mick Pearce ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1996. Kò ní ẹ̀rọ amúlétutù bíi ti àwọn ilé ńlá yòókù. Ọ̀gán ni Pearce wò, òkìtì tí ikán ń kọ́. Lóru, fáànù á fa atẹ́gùn tútù gba inú ilé kọjá, kọ́ńkéré á tutù. Lọ́sàn-án, kọ́ńkéré náà á máa fa ooru mọ́ra, atẹ́gùn gbígbóná á sì gba ihò gíga jáde lórí òrùlé. Àwọn onímọ̀ padà yẹ ọ̀gán wò fínnífínní, wọ́n ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe rò ó ni ikán ń ṣe é gan-an. Kò burú, ilé náà ṣáà ń ṣiṣẹ́.

Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ ní Àbújá? Díẹ̀ ni. Orí òkè ni Harare wà, òru ibẹ̀ máa ń tutù bíi tiwa ní Jọ́ọ̀sì níbí. Ní Àbújá, bó bá di oṣù kẹta, òru pàápàá ń gbóná. Ohun tí wọ́n lè mú níbẹ̀ ni kí wọ́n ṣí fèrèsé òkè sílẹ̀ mọ́jú, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì àti irin nítorí olè, kí wọ́n sì tì í nígbà ọyẹ́ kí eruku má baà pa kọ̀ǹpútà. Fáànù òkè ló máa ṣe ìyókù. Fáànù kan máa ń lo nǹkan bíi wáàtì 70. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ní agbára ẹṣin kan ààbọ̀ máa ń lò ju 1,000 lọ. Ohun tí ẹ̀rọ kan ń jẹ, fáànù mẹ́rìnlá lè pín in jẹ. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá ìpàdé kékeré nìkan. Kí wọ́n dín ohun tó ń jẹ iná kù ná, kí wọ́n tó ra sólà, torí sólà tí kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà lè gbé fáànù, gílóòbù LED àti kọ̀ǹpútà, kí jẹnẹrétọ̀ sì sinmi.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Baba tó ń kọ́ agbo ilé láyé àtijọ́ kò mọ iye ìyàwó tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa fẹ́. Àgbàlá ló máa fi sáàrin, ọ̀ọ̀dẹ̀ àti yàrá á yí i ká. Bí ọmọ bá gbéyàwó, wọ́n á fi yàrá kún un, àgbàlá ò ní kúrò níbi tó wà. Èmi náà pín gbọ̀ngàn yẹn sí ohun tó ń dúró àti ohun tó ń rìn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bátìrì sólà àti yàrá ìpàdé kì í rìn, orí méjèèjì gbọ̀ngàn ni wọ́n wà. Gbogbo ohun tó wà láàárín ló ń rìn: tábìlì oníwọ̀n kan náà, táyà lẹ́sẹ̀ wọn, àti ibi ìkówèésí tó ga dé àyà. Láti òkè ni wáyà ti ń sọ̀kalẹ̀, ní gbogbo mítà mẹ́ta. Bí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan, gbogbo tábìlì á sá lọ bá a, táyà wọn di ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ariwo wá ńkọ́? Ní 2018, Ethan Bernstein àti Stephen Turban tẹ ìwádìí jáde lórí ilé iṣẹ́ ńlá méjì tó wó ògiri wọn. Ọ̀rọ̀ ojúkojú tó yẹ kó pọ̀ sí i fi nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ìmeèlì ló pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì kò ní bèèrè ìdí. A jẹ́ mẹ́rìnlélógún nínú yàrá wa, kò sí ògiri láàárín wa, kí la wá ń ṣe? À ń ta ìró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mátírọ́ọ̀nù á já a, a tún máa ta á. Gbohùngbohùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kì bọ etí, ìró tiwọn nìyẹn.

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ gbàgede pọ́ńbélé. Mo fi yàrá tóóró mẹ́rin sí i fún ẹni tó fẹ́ gba ìpè. Àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn wà nítòsí ibi ìjẹun, àwọn tí iṣẹ́ wọn fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ wà ní òdìkejì, àwọn méjì tó fẹ́ lọ yẹn sì wà lára wọn. Táìsì àti kọ́ńkéré máa ń da ohùn padà ni, mo wá ní kí wọ́n fi aṣọ wé fóòmù kọ́ sára ògiri, kí wọ́n sì ta kọ́tìnnì tó nípọn.

Ohun kan wà tí ìwé òyìnbó ò kọ: ìkíni. Màmá kan wà ní ẹ̀ka owó níbẹ̀ tó ju gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ orí. Bí wọ́n bá fi màmá sáàárín gbọ̀ngàn, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló máa kúnlẹ̀, tí màmá á sì máa béèrè gbogbo ará ilé wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo fi tábìlì wọn sí. Kí ìkíni parí síbẹ̀ láàárọ̀.

Ibi tí Dádì Àbújá fúnra wọn máa jókòó la ò tíì yanjú. Wọ́n ní ọ̀gá tí ò ní yàrá, ta ló máa bẹ̀rù rẹ̀? Mo ní kí wọ́n jókòó sáàárín wọn, kí wọ́n máa lo yàrá ìpàdé fún ọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní kí n lọ ka ìwé mi. Nígbà tí mo ń padà sílé ìwé, káfíńtà ti gbé tábìlì mẹ́jọ wá, táyà wọn là ń retí láti Èkó.