Ọdún Tó Ń Bọ̀: Ẹni Tó Bá Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Ìlàjẹ, Kó Bi Omi Kó Tó Bi Ọ̀nà

Ẹ bi ìyá ọlọ́jà kan léèrè pé ìgbà wo ló rìnrìn àjò kẹ́yìn. Òkú ni yóò dárúkọ fún yín, tàbí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aṣọ ẹbí ló gbé e jáde nílé, kì í ṣe ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni télọ̀, bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì. Ọdún á yí po, wọn ò ní ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, àfi tí àìsàn bá bá wọn tì í. Bẹ́ẹ̀, ara kì í ṣe irin. Irin gan-an ń gba gírísì!

Ìsinmi kan wà tí apá mẹ̀kúnnù ká. Kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Kì í mu bẹntiróòlù, ọlọ́pàá kì í bi í ní pátíkúlà, bó bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹni tó bá ní sípánà àti sólúṣọ̀n lọ́wọ́ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Láyé tí kòkó ń mówó wá, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni àgbẹ̀ fi ń ṣe fàájì lábúlé. Ọmọ wọn ló wá sọ ọ́ di nǹkan ìtìjú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ̀kẹ́ kò lè gbéni jìnnà, ẹ rán an létí Ọlábísí Àjàlá. Ní ọdún 1952, nígbà tó wà ní Amẹ́ríkà, ọmọ Yorùbá yìí gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn tó lé ní 2,000 máìlì, ó sì ń fi aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá han àwọn òyìnbó lọ́nà. Lẹ́yìn náà ló gun àlùpùpù Vespa la orílẹ̀-èdè rẹpẹtẹ kọjá, ìwé tó kọ nípa ìrìn rẹ̀ sì jáde ní 1963. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ó kú ní 1999, ṣùgbọ́n títí di òní, ọmọ tí kì í gbélé, Àjàlá ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe ìsinmi ní etíkun Ìlàjẹ, ní ìsàlẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́hùn-ún, ètò tirẹ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, omi ni ọ̀gá. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ a máa di èrò ọkọ̀.

IBI TÍ TÍTÌ PARÍ SÍ

Láti Ọ̀rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Benin, títì ń lọ sí Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ó sì ń lọ títí dé Igbókọ̀dá, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Kí ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ jìnnà rí pín ìrìn yìí sí ọjọ́ méjì, kó sùn ní Òkìtìpupa. Igbókọ̀dá ni ọjà ẹja ńlá wà, èbúté sì wà níbẹ̀. Láti èbúté yìí ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti ń kó èrò lọ sí Ayétòrò àti àwọn ìlú etí òkun mìíràn, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti dúró lórí òpó, tó jẹ́ pé afárá pákó ni wọ́n ń pè ní ojú ọ̀nà.

Ará Póláǹdì kan, Kazimierz Nowak, ti fi irú ìrìn báyìí kọ́gbọ́n. Láti 1931 dé 1936 ló fi la Áfíríkà já láti àríwá dé gúúsù, tó sì tún padà. Kẹ̀kẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà kò gba kẹ̀kẹ́ mọ́, ó gun ẹṣin, ó gun ràkúnmí, ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò bá ọ̀nà jà. Ohun tí ọ̀nà bá gbà ló ń fún un.

Bí ẹ bá dé èbúté, ẹ ná owó orí èèyàn àti owó kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ yọ táyà iwájú, ẹ fi ọ̀rá wé ṣéènì. Ẹ jẹ́ kí atukọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ibi tí ẹrù yóò wà, nítorí òun ló mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má so kẹ̀kẹ́ mọ́ ara rẹ̀ o! Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹ mú tiyín dání láti ilé, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dè é. Ọkọ̀ tó bá kún jù, ẹ jẹ́ kó máa lọ, òmíràn ń bọ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ẹ sùn sí Igbókọ̀dá. Ẹ̀mí ò ní sípíà.

OṢÙ WO LÓ DÁRA?

Ẹni tó bá ń ṣètò ọdún tó ń bọ̀, oṣù ni kó kọ́kọ́ mú. Láti oṣù kẹrin ni òjò ti ń kó ara jọ. Oṣù kẹfà àti ìkeje a máa le, òjò a sì tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ìgbà òjò yìí náà ni òkun máa ń ru. Ẹ fi í sílẹ̀. Oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbẹ.

Nínú ìyẹn náà, àsìkò Kérésìmesì kò dára. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó wà ní Èkó àti káàkiri ń wálé, ọkọ̀ á kún, owó ọkọ̀ á gbówó lórí. Ìparí oṣù kìíní sí ìparí oṣù kejì ló gbayì jù. Ọjà ti tutù lẹ́yìn ọdún, àwọn oníbàárà ti náwó tán, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá tì fún ọjọ́ mẹ́fà kò lè pa olówó rẹ̀. Ọyẹ́ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí kùrukùru bá bo omi láàárọ̀, ẹ dúró kí oòrùn là á. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìsinmi Iléyá lọ, kó wo kàlẹ́ńdà dáadáa: ọdọọdún ni Iléyá ń ṣáájú ti èṣí ní bí ọjọ́ 11, kó má lọ bọ́ sínú òjò.

ÒṢÙPÁ NI AAGO OMI

Láàárín ọ̀sán àti òru kan, omi òkun a máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tó bá fà tán, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ni àsìkò rẹ̀ ń pẹ́ ju ti àná lọ ní bí ìṣẹ́jú 50. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, omi a kún ju bó ṣe ń kún lọ, a sì tún fà jìnnà. Apẹja Ìlàjẹ mọ gbogbo èyí láìwo ìwé, ẹ bi wọ́n.

Kí ló kan ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Iyanrìn òkè etíkun rọ̀, táyà á rì sínú rẹ̀ bí ọwọ́ nínú èlùbọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀ a máa le bí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Orí ìyẹn ni kẹ̀kẹ́ ti ń sáré. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi ṣì ń fà, kí ẹ sì yí padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Lálaalẹ́, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ṣéènì, ẹ nù ún, ẹ ta epo sí i. Omi òkun kì í dárí ji irin.

ÀJỌ NI KÍ Ẹ FI ṢE É

Ẹ má dúró de owó ńlá. Bí ẹnì kan bá ń dá àjọ 300 náírà lójúmọ́, ọjọ́ 30 jẹ́ 9,000. Alájọ mú owó ọjọ́ kan, ó ku 8,700. Láàárín oṣù mẹ́wàá, ó ti di 87,000. Bí télọ̀ mẹ́rin bá jọ ń dá a, wọ́n ti dẹgbẹ́ ìrìn àjò nìyẹn. Kí wọ́n pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́rin: àtúnṣe kẹ̀kẹ́, owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùsùn, àti owó kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi bí nǹkan bá ṣe.

Ètò ọjọ́ mẹ́fà tó. Ọjọ́ kìíní, Ọ̀rẹ̀ dé Òkìtìpupa. Ọjọ́ kejì, Igbókọ̀dá. Ọjọ́ kẹta, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò. Ọjọ́ kẹrin, ẹ sinmi níbẹ̀, ẹ wo òkun, ẹ jẹ púpurù pẹ̀lú ẹja tútù. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ padà sí Igbókọ̀dá. Ọjọ́ kẹfà, ẹ ra ẹja gbígbẹ àti edé, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ọkọ̀, ó dilé. Ìyá ọlọ́jà tó bá mọ ọjà í ná lè rí nínú owó ọkọ̀ rẹ̀ padà lára edé yẹn.

Ẹ má dá rìn. Ẹ má rìn lóru. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé tó ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà kò bá dá yín lójú, ẹ kó kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì dé Òkìtìpupa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Kò sí ẹni tó máa fún yín ní ife-ẹ̀yẹ nítorí ojo tí ẹ kò ṣe.

Àwọn kan á ní: "Obìnrin lórí kẹ̀kẹ́? Háà!" Kí wọ́n dé Ouagadougou ní Burkina Faso. Níbẹ̀, obìnrin pọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ àti àlùpùpù, wọ́n ń gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n ń lọ sọ́jà, kò sí ẹni tó ń yà lẹ́nu.

ÌDÍ TÍ KÒ FI YẸ KÍ Ẹ FI Í DỌ̀LA

Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí, lọ tẹ Ayétòrò dó létí òkun. Wọ́n jọ ní ohun gbogbo. Kò sí pé tèmi nìyí, tìrẹ nìyẹn. Wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì ń tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù wọ́n lọ ṣì ń fi àtùpà ríran. Oníṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́ ìlú náà. Nígbà tó yá, ètò àjùmọ̀ní yẹn tú, ṣùgbọ́n ìlú kò tú.

Òkun ló fẹ́ tú u báyìí. Ilé, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì: ibi tí ọ̀pọ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀ ti di omi. Láti bí ọdún 2004 ni ará ìlú ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́ tí yóò dá òkun dúró. Òkun kò dúró. Títì etíkun tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 2024, tí wọ́n ní yóò gùn tó 700 kìlómítà dé Calabar, wọ́n ní yóò gba Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá. Bó bá dé, ọ̀nà á rọrùn. Ṣùgbọ́n títì kì í dá ilé tí òkun ti gbé lọ padà.

Nítorí náà, ẹni tó bá lọ, kó má lọ bí ẹni tó ń wòran òkú. Kó kí àwọn àgbà ìlú, kó béèrè èèwọ̀, kó tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò. Kó ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá tó ń sè é, kó san owó ibùsùn, kó gba ọmọ ìlú tó máa fọ̀nà hàn án. Owó ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò lè dá òkun dúró, ṣùgbọ́n yóò dé ọwọ́ ẹni tó ṣì ń gbébẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ẹnì kan ní òkè gbúròó òun.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ tó ń ta ìpẹtà lẹ́yìnkùlé jáde. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó wo tíúbù. Ẹ pe èèyàn mẹ́ta tí ẹ fọkàn tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá kì í ṣàìpé: oṣù kejì ń bọ̀, àmọ́ òkun Ìlàjẹ kò bá ẹnikẹ́ni dájọ́.