Ipò Wo Ni Kò Ṣeé Dé ní Kánádà Láìgbọ́ Èdè Méjì?

Láti ọdún 1969 ni òfin Kánádà ti fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe èdè ìjọba, láìfi ọ̀kan ṣe ọ̀gá èkejì. Kò sọ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́ méjèèjì o. Ará ìlú ló fún lẹ́tọ̀ọ́: èyí tó bá wù ú ni yóò sọ ní olú ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìjọba ni yóò wá ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ti àwọn ọ̀gá yàtọ̀. Lọ́dún 2011, wọ́n yan Michael Ferguson ṣe olùyẹ̀wò àgbà fún owó ìjọba. Kò gbọ́ Faransé, ó kàn ṣèlérí pé òun yóò kọ́ ọ. Ariwo ta. Ibẹ̀ ni òfin ọdún 2013 ti wá, tó to ipò mẹ́wàá sílẹ̀, bíi ti olùyẹ̀wò yìí àti ti ọ̀gá ètò ìdìbò. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yàn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbọ́ èdè méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n yàn án; ìlérí kò tó mọ́. Lọ́dún 2023, òfin tún kan ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ: àwọn adájọ́ tó bá jókòó sí ẹjọ́ gbọ́dọ̀ lóye èdè tí àwọn tó wà lẹ́jọ́ bá yàn láìsí ògbufọ̀.

Olórí ìjọba ńkọ́? Kò sí òfin tó dè é. Ìbò ló ń dè é. Nínú ìjókòó 343 tó wà nílé aṣòfin, Quebec, ìpínlẹ̀ tí Faransé ti gbilẹ̀, nìkan ní 78, wọ́n sì máa ń ṣe àríyànjiyàn ìdìbò lédè Faransé lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ń kólòlò níbẹ̀, ojú gbogbo ayé ló ti ń kólòlò.

Ọ̀rọ̀ Mary Simon ló wá ta kókó. Lọ́dún 2021, òun ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó di Gómìnà Àgbà, aṣojú ọba Kánádà. Ó gbọ́ èdè méjì dáadáa: Gẹ̀ẹ́sì àti Inuktitut, èdè àwọn Inuit tó jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí òun lọ ní àríwá Quebec kò fún òun láǹfààní láti kọ́ Faransé. Síbẹ̀, ẹjọ́ tí àwọn èèyàn fi sun kọmíṣọ́nà tó ń mójú tó èdè ìjọba lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ipò rẹ̀ kò sí lára mẹ́wàá yẹn, nítorí náà òfin ọdún 2013 kò lè dá ìyànsípò náà dúró. Mo gbà pé ẹ̀hónú wọn nídìí. Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ ní ilẹ̀? Èdè àwọn Inuit jẹ́ èdè ìjọba ní agbègbè Nunavut. Bí ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa bá ń ka èdè ẹni tó ń bọ̀ wá gba ipò, kì í ka ti Inuit mọ́ ọn.