Ẹni Tó Kọ́kọ́ Rí Òkú Ẹran ní Òkè-Ògùn

Bí ipin bá dí ewúrẹ́ lójú, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tí egbò bo ètè rẹ̀, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, kata ló sáàbà máa ń jẹ́, àrùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PPR. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ran ń ṣe ni pé kí wọ́n yára ta ìyókù kí gbogbo rẹ̀ má baà ṣòfò. Kí ìròyìn tó dé etí ìjọba, ewúrẹ́ tó ti kó o ti wọ ọkọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó ti dé Ìbàdàn. Torí àlàfo yìí ni ìjọba ṣe ní dókítà ẹran: kó dé ibẹ̀ nígbà tí àrùn ṣì wà lára ẹran, kó fi òwú gba ikun náà, kó fi yìnyín tọ́jú rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Èrò mi ni pé ìdí tí àrùn fi ń ṣáájú wa kì í ṣe àìní onímọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí òkú ẹran ni a kò tíì fún ní ìdí láti sọ̀rọ̀.

Onímọ̀ kò wọ́n wa. Láti 1924 ni ibùdó ìwádìí àrùn ẹran ti wà ní Vom, nítòsí Jos. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ yunifásítì rí fáírọ́ọ̀sì Dùgbẹ̀ lára eégbọn màlúù ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì rí ti Mọ́kọ́lá, ìbátan àrùn dìgbòlugi, lára asín ní 1968. Ní 1975, lára ewúrẹ́ ilẹ̀ wa ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kata tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára Nigeria 75/1, èyí tí Áfíríkà àti Éṣíà ń lò dòní. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló pa rinderpest rẹ́, àrùn tó run màlúù Nàìjíríà ní 1983. Kí ayé tó kéde ní 2011 pé ó ti tán, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa lọ láti gàá dé gàá, kí wọ́n máa bi àwọn darandaran léèrè ohun tí wọ́n rí.

Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nílò irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ju ibi púpọ̀ lọ. Ààlà Benin kò jìnnà sí Ṣakí, màlúù sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Láti ìhà Benin náà ni àrùn ẹlẹ́dẹ̀ tó burú jù ti wọ Nàìjíríà ní 1997. Ìmàdò lè gbé àrùn yẹn sára láìṣàìsàn rárá, bẹ́ẹ̀ ọgbà ẹranko Old Oyo National Park, tó fẹ̀ ju 2,500 kìlómítà níbùú-lóròó, fara kan agbègbè yìí. Ọdẹ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ń dé ibi tí dókítà ẹran kò lè dé láéláé.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba kọ́kọ́ tọ́jú ilé ìwòsàn èèyàn. Ṣùgbọ́n àrùn adìẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní Jájí, ní Kàdúná, ní 2006, ló pa obìnrin kan l'Ékòó lóṣù kìn-ín-ní 2007. Àwọn mìíràn gbà pé òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó de ìfẹranjẹko kiri láti 2019 ti tó. Òfin yẹn kò dá òwò ẹran dúró. Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹlẹ́ran fúnra rẹ̀: bí mo bá sọ, wọn yóò pa ẹran mi, ta ni yóò san án? Darandaran yóò tún ronú pé wọn yóò ní òun ló kó àrùn wọ̀lú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Nígbà àrùn adìẹ, ìjọba ṣèlérí naira 250 lórí adìẹ kan, torí ó mọ̀ pé láìsí owó, àwọn èèyàn yóò fi pamọ́. Ohun tó tọ́ sí adìẹ tọ́ sí ewúrẹ́.

Nítorí náà, kí ìjọba Ọ̀yọ́ ya owó gbà-má-bínú sọ́tọ̀ nínú ètò ìnáwó, kó sì jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn ní dókítà ẹran, ọkọ̀ àti yìnyín. Ìwọ tó ń sin ẹran, bí méjì tàbí mẹ́ta bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, jọ̀wọ́ pe dókítà ẹran kí o tó pe oníbàárà.